Ọmọ Tí Tíṣà Dorcas Fà Lé Máníjà Lọ́wọ́

Gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ni Ìyìnolúwa máa ń pe Dorcas ìyá rẹ̀ láti Abẹ́òkúta. Ìpè náà kì í gùn tó oore-ọ̀fẹ́ tí pásítọ̀ fi ń tú ìjọ ká. "Ẹ kú ìsinmi, mà. Ṣé ara yín le?" Ìyá á ní ara le. "Ẹ ti jẹun?" Ìyá á ní òun ti jẹun, bí kò tilẹ̀ tíì dáná. Lẹ́yìn náà, Dorcas á máa gbọ́ bí ọmọbìnrin rẹ̀ ti ń mí. Ó máa ń fẹ́ sọ pé, Ìyìn, máa bọ̀ nílé, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í gbé e. Ọmọ á ní, "Ó dàbọ̀, mà," ìyá á sì jókòó ti fóònù náà títí iná ojú rẹ̀ á fi kú.

Ọdún mẹ́ta rèé tí ọmọ náà kò tẹ ilẹ̀ Fìdítì. Kì í ṣe pé ọ̀nà jìn. Ẹni tó bá tètè jí ní Abẹ́òkúta, tó gba Ìbàdàn wá, á jẹ oúnjẹ ọ̀sán nílé. Kérésì mẹ́ta ti kọjá, Dorcas ń ra adìẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó sì ń dá adìẹ náà jẹ títí tí yóò fi sú u. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń gbá yàrá Ìyìn, tó ń ṣí fèrèsé rẹ̀, tó ń yí aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni kò sùn lé padà. Bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá béèrè ọmọ, á ní iṣẹ́ gidi ló rí níbẹ̀, iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó ráyè. Irọ́ gbáà ni, òun náà sì mọ̀. Àárò ọmọ ń sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká mọ obìnrin yìí dáadáa. Tíṣà ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ ní Akínmọ̀ọ́rìn àti Fìdítì kó tó fẹ̀yìn tì. Bí èèyàn mẹ́ta bá dúró létí títì ní Fìdítì, ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn ni Tíṣà Dorcas ti fà létí rí. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó sì mọ ibi tó yẹ kó fi òwe sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn aládùúgbò fi máa ń mú un dání lọ síbi tí wọ́n bá ti nílò ẹnu: ibi tí wọ́n ti ń tọrọ ìyàwó, ibi tí tọkọtaya ti ń jà, àti ibi tí wọ́n ti ń fa ọmọ lé ọ̀gá lọ́wọ́.

Fífa ọmọ lé ọ̀gá lọ́wọ́ yìí ló bí gbogbo ọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ kì í dá wọ ibi iṣẹ́ bí ewúrẹ́ tó ṣìnà wọ oko olóko. Ìyá tàbí bàbá á mú un lọ, á kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ níwájú ọ̀gá, á ní: "Mo fa ọmọ yìí lé yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin ni bàbá rẹ̀ níbí. Ohunkóhun tó bá ṣe tí kò dáa, ẹ bá mi wí i, kódà ẹ bá mi nà án." Ọ̀gá á rẹ́rìn-ín, á ní ọmọ òun ni. Iṣu mẹ́ta tàbí mẹ́rin á ti wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dùn létí ni, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì ti tipa bẹ́ẹ̀ rí ẹni tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn yẹn, ẹnikẹ́ni kì í béèrè pé bí ọ̀gá fúnra rẹ̀ bá wá ṣe ohun tí kò dáa ńkọ́, ta ni yóò bá wa wí i?

Dorcas náà kò béèrè. Nígbà tí Ìyìn parí póòlì, ó mú un lọ sí Ìlọrá, sí ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń sọ ẹ̀gẹ́ di fùláwà. Olúṣínà ni orúkọ Máníjà ibẹ̀. Díákónì ni nínú ìjọ tí Dorcas ń lọ. Òun ló dúró ti Dorcas nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, òun ló bá a wá ọkọ̀ tó gbé òkú. Dorcas kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ tọkàntọkàn. Ó ní, "Bàbá rẹ̀ kò sí mọ́, sà. Ẹ̀yin ni bàbá rẹ̀ báyìí." Wọ́n fún Ìyìn ní tábìlì níwájú ọ́fíìsì Máníjà, ó ń kọ iye ẹ̀gẹ́ tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan já sílẹ̀. Inú ìyá dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Oṣù kẹta kò tíì pé tí Ìyìn fi dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, tó jókòó sẹ́bàá kànga, tí kò bọ́ bàtà. "Màámi, Máníjà yẹn, ọwọ́ ẹ̀ kì í gbélé."

"Báwo?"

"Á pè mí wọlé, á ní kí n ti ilẹ̀kùn. Á ní kí n wá bá òun wo nǹkan nínú kọ̀ǹpútà, á wá dúró sẹ́yìn mi, á máa fọwọ́ kàn mí. Bí mo bá sún, òun náà á sún."

Ó yé Dorcas. Obìnrin wo ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní yé? Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Àgbàlagbà ni, bóyá ó ń bá ẹ ṣeré bàbá sọ́mọ ni. Ṣáà máa yẹra fún un." Ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn! Akọ̀wé tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá, ibo ló fẹ́ yẹra sí?

Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, Máníjà dì í mú. Ìyìn tì í, ó pariwo lé e lórí, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbàgà, ó bọ́ sáàárín àwọn òṣìṣẹ́ pẹ̀lú omijé lójú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ̀ Máníjà dúró lẹ́nu ọ̀nà Dorcas. Kò bínú o. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ̀rọ̀, bí ẹni tó wá kí aláìsàn. Ó ní, "Tíṣà, ọmọ tí ẹ fà lé mi lọ́wọ́ ti bú mi lójú àwọn tí mò ń darí. Ẹ̀yin lẹ ní bó bá ṣe ohun tí kò dáa, kí n bá yín wí i. Mi ò fẹ́ lé e níṣẹ́. Kó wá bẹ̀ mí, ó parí."

Níbi tí Dorcas ti ṣe àṣìṣe rẹ̀ nìyí, àṣìṣe tí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé kò lè ṣe. Ó rántí ọkọ̀ tó gbé òkú. Ó rántí àwọn ìyá ìjọ, ohun tí wọ́n máa sọ. Ó rántí ọ̀rọ̀ tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ lórí ìkúnlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú ọmọ rẹ̀ wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrá. Nínú ọ́fíìsì yẹn gan-an, ó fọwọ́ tẹ èjìká rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Kúnlẹ̀, kí o bẹ bàbá."

Ìyìn wo ojú ìyá rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, tó ní, "Ẹ má bínú, sà." Olúṣínà gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà fún un pé kí Ọlọ́run fún un ní ọkàn ìrẹ̀lẹ̀. Dorcas ṣe àmín.

Ọjọ́ Ajé ni ọmọ náà di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń lọ bá ọ̀rẹ́ òun ní Abẹ́òkúta. Ìyá bẹ̀ ẹ́, kò dúró. Ẹnu ọ̀nà ló ti bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ fà mí kalẹ̀ fún un, mà. Ọjọ́ tí ẹ bá gbà mí padà, ẹ jẹ́ kí n gbọ́." Láti ọjọ́ náà ló ti di "mà", "Màámi" sì ti tán lẹ́nu rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún. Ní òpin òjò ọdún yìí, Ìyá Blessing tó ń ta ọsàn létí títì, tí ògiri ilé rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ti Dorcas, sáré wọlé wá pẹ̀lú ayọ̀. Blessing ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ti rí iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ fùláwà ní Ìlọrá. Wọ́n ní ọjọ́ Ajé ni kó wá.

"Ẹ̀yin lẹ ó bá wa fà á lé Máníjà lọ́wọ́, Màmá. Ẹ mọ̀ ọ́n sọ jù mí lọ, òun náà sì mọ̀ yín."

Blessing yìí ló máa ń pọnmi fún Dorcas láti ọjọ́ tí Ìyìn ti lọ. Ó ní, "Ṣé iṣẹ́ ibẹ̀ yẹn ló dáa jù fún un?"

"Èwo ló tún wà, Màmá? Ṣé kí òun náà wá máa to ọsàn bíi tèmi ni? Àbí ẹ mọ nǹkan kan nípa ibẹ̀?"

Ibi tó yẹ kó ti sọ ọ́ nìyẹn. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́ta sọ pé iṣẹ́ gidi ló gbé ọmọ òun lọ sí Abẹ́òkúta, báwo ló ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Ó ní kò séwu, àwọn á jọ lọ. Nígbà tí obìnrin náà jáde tán, ó wọ yàrá Ìyìn, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, òun ló máa ń fi òwe yẹn kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Orí ọmọ tòun ti wọ́ lójú òun. Òun gan-an ló sì mú un wọ́. Ó ronú pé kí òun purọ́ àìsàn lọ́jọ́ Ajé. Ó ronú rẹ̀ títí di ọjọ́ Àìkú, nígbà tí Ìyìn pè, tó ní, "Ẹ ti jẹun, mà?" Ó fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ yẹn nínú ilé, kì í ṣe nínú fóònù. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ láyé yìí nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, wọ́n wọ mọ́tò, àwọn mẹ́ta pẹ̀lú iṣu mẹ́rin. Ọ́fíìsì Máníjà kò yí padà, àfi pé irun olúwarẹ̀ ti funfun díẹ̀ sí i. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Dorothy, tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀, dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé tó fẹ́ kí Máníjà fọwọ́ sí. Ìyá Blessing kúnlẹ̀. Blessing kúnlẹ̀ tì í. Dorcas nìkan ló wà lóòró.

"Háà, Tíṣà!" Máníjà na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ mà kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyìn ọmọ wa ńkọ́?"

Ọmọ wa. Bóyá bí kò bá sọ ìyẹn ni, Dorcas ì bá tún rí òwe kan pa, kó sì sá sẹ́yìn ẹ̀. Ohùn tíṣà ló jáde lẹ́nu rẹ̀, ohùn tí wọ́n ń gbọ́ dé ẹ̀yìn kíláàsì.

"Torí ẹ̀ ni mo ṣe wá, sà. Ibí ni mo kúnlẹ̀ sí tí mo fi ní mo fa ọmọ mi lé yín lọ́wọ́. Mo wá gbà á padà."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní mo wá gba ọmọ mi padà lọ́wọ́ yín. Ó sọ fún mi nígbà náà pé ẹ máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ òun, pé ẹ máa ń fọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ. Mo gbọ́, ó sì yé mi. Èmi ìyá rẹ̀ tún mú un wá síbí, mo ní kó kúnlẹ̀ bẹ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ ẹ́, òun ló tọrọ àforíjì. Ẹ gbàdúrà lé e lórí, mo ṣe àmín. Mo gba àmín yẹn náà padà lónìí."

Máníjà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Ara Tíṣà ò yá. Ìyá Blessing, ẹ bá mi mú wọn jáde. Ọjọ́ ogbó ti ń dé."

Ìyá Blessing ń wo ti iwájú, ó ń wo ti ẹ̀yìn, lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà náà ni Dorothy rọra gbé ìwé ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, sà. Kì í ṣe ọmọ tiwọn nìkan." Lẹ́yìn náà ló ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, tó jẹ́ pé àwọn tó ń di fùláwà sínú àpò lóde ń wò wọ́n.

Ìyá Blessing dìde. Ó ṣa iṣu rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sínú àpò, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n jáde. Inú mọ́tò ló ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, tó ń ní, "Màmá, ẹ̀yin náà! Ẹ ò bá ti sọ fún mi nílé!" Òótọ́ ló sọ.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, kò dúró kí ọmọ pè. Òun ló kọ́kọ́ pè. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Ìbéèrè ni Ìyìn fi dáhùn.

"Ṣé ẹ kúnlẹ̀?"

"Rárá. Mo dúró ni."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

Ìyá dárúkọ wọn. Ọmọ ní kó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún un sọ. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tó ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí dé: "Kí ló dé tí ẹ ò lè sọ ọ́ nígbà tí mo wà níbẹ̀?"

Dorcas mọ òwe tó pọ̀. Kò pa ọ̀kankan. "Ẹ̀rù ló bà mí. Ojú èèyàn ni mo wò, mi ò wo ojú tìrẹ. Mo jẹ̀bi ẹ, Ìyìn. Mo bẹ̀ ẹ́."

Ó gbọ́ tí ọmọ ń sunkún, kò sì sí ọwọ́ tó lè nà dé Abẹ́òkúta láti nu omijé rẹ̀. Nígbà tó yá, Ìyìn ní, "Mo gbọ́, mà. Ṣùgbọ́n mi ò lè wá báyìí. Ẹ má ra adìẹ ní Kérésì."

"Mi ò ní rà á."

"Blessing yẹn, ṣé ó ní fóònù? Ẹ fún un ní nọ́ńbà mi."

Dorothy àti àwọn obìnrin mẹ́rin mìíràn níbi iṣẹ́ náà kọ ìwé sí àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Dorcas ló bá wọn kọ ọ́, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tíṣà tí kò wọ́ síbì kan. Àwọn yẹn rán èèyàn méjì wá, wọ́n gbọ́ ẹnu oníkálukú ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ní kí Máníjà máa lọ sílé ná, kò sì padà mọ́. Wọ́n fi gíláàsì sí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Wọ́n lẹ orúkọ obìnrin méjì mọ́ ògiri, Dorothy jẹ́ ọ̀kan, àwọn ni ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá yọ lẹ́nu yóò lọ bá, wọn kò sì ní lé e níṣẹ́ nítorí pé ó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, kó ka òfin kó tó fọwọ́ sí i, kí òbí kankan má fa ọmọ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí kò dùn mọ́ Ìyá Blessing. Ó ní, "Ta ni yóò wá mọ̀ pé ọmọ mi lẹ́ni?" Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan kò kí Dorcas mọ́. Wọ́n ní kí ló dé tí kò ti sọ ọ́ láti ọdún mẹ́ta. Ìbéèrè náà dáa, ọmọ rẹ̀ sì ti kọ́kọ́ bi í.

Blessing bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, Dorcas jókòó lórí àpótí lẹ́yìnkùlé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó gbọ́ ohùn kan láti yàrá Blessing lódìkejì ògiri. Ọmọ náà ti yí ohùn fóònù rẹ̀ sókè. "Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o ti ilẹ̀kùn, ní rárá. Má ṣàlàyé. Rárá ti tó," ohùn náà ń wí. Ìyìn ni. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́, ó hàn pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Blessing wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn bí ìyá òun ṣe ń ṣa iṣu lójú Máníjà lọ́jọ́ yẹn, ọ̀kan, èjì, ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ tábìlì bóyá ọ̀kan yí lọ.

Ìyìn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ àtijọ́, èyí tó máa ń tẹ̀ léra wọn tí kì í jẹ́ kó lè mí, tí bàbá rẹ̀ máa ń ní yóò pa á lọ́jọ́ kan. Dorcas kò gbọ́ ọ láti ọdún mẹ́ta. Ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ dà sílẹ̀, kò ṣà á.

Ìyá Blessing yọrí láti ẹ̀yìn ògiri, ojú rẹ̀ ń dán. "Màmá! Ìyìn mà nìyẹn lórí fóònù! Ẹ wá kí i!"

Dorcas ju ọwọ́ sí i kíákíá pé kó dákẹ́, kó má sọ fún Ìyìn pé òun ń gbọ́. Ó sún àpótí rẹ̀ mọ́ ògiri.